Ògiri Ilé Wa ní Bẹyẹrúnká àti Ìgbì tí Mo Lọ Kọ́ ní Fínláǹdì

Ẹ̀yin ará àdúgbò tí ẹ ń bi mí láti ọjọ́ tí mo ti dé pé, "Báwo ni ìlú òyìnbó?", mo ti gbọ́ yín. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé òtútù pọ̀ níbẹ̀. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní ṣé òtútù nìkan ni mo fi ọdún mẹ́ta lọ kó wálé. Òtútù nìkan kọ́. Ọ̀rọ̀ tó kù ni kò ṣeé sọ lórí ìdúró, òmíràn nínú rẹ̀ kò sì ṣeé sọ lójú Ìyá Òjé. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ọmọ Bẹyẹrúnká ni mí, ẹ mọ ilé wa. Ilé alámọ̀ ni, ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ọmọdé lè jókòó sójú fèrèsé kó sì na ẹsẹ̀ méjèèjì tán. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n fi páànù bò ó, páànù náà sì ti dípẹtà kí wọ́n tó bí mi. Tí ènìyàn bá gbé fóònù wọ inú ilé náà, ọ̀rọ̀ á já mọ́ ọn lẹ́nu. Láti Ọjà'ba títí dé Bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń bú àwọn oní-nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èmi ní tèmi, ògiri ni mò ń wò.

Ìgbì rédíò ló ń gbé ohùn wa láti orí òpó wá sínú fóònù. A kò lè rí i, ọwọ́ kò lè bà á, ṣùgbọ́n ó ṣeé wọ̀n. Mo fẹ́ mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí nígbà tó bá kan ògiri amọ̀. Gbogbo ìwé tí mo kà ní yunifásítì, ògiri àwọn òyìnbó ló kún inú wọn: bíríkì, gíláàsì, pákó. Kò sí ẹni tó wọn ògiri bàbá mi rí. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní àríwá Fínláǹdì gbà láti jẹ́ kí n fi iṣẹ́ yìí gba oyè ọ̀mọ̀wé, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bẹ̀rù.

Bàbá mi, tí gbogbo yín ń pè ní Tíṣà, ti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ Áńgílíkà. Ìyá mi ti kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àbúrò Bàbá lóbìnrin, Ìyá Òjé, tí wọ́n ń ta aṣọ òfì ní Òjé, ló tọ́ èmi àti Délé àbúrò mi dàgbà. Délé ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Agodi nígbà tí mo fẹ́ máa lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò, Bàbá pè mí sí fàráńdà.

"Àbẹ̀kẹ́, ìgbì tí o fẹ́ lọ kọ́ yìí, ṣé ó máa ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé onílé?"

"Rárá, sà."

"A jẹ́ pé kò lẹ́kọ̀ọ́. Lọ kọ́ ọ."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo fi fóònù kan sílẹ̀ fún Délé, mo sì fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Láràárọ̀ Sátidé, kó wọ yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ilé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kó dúró sí àárín yàrá, kó dúró kí nọ́ńbà tí fóònù fi ń wọn agbára ìgbì fìdí balẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ní kò gbọdọ̀ bù mọ́ ọn, kò gbọdọ̀ bù kúrò. Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ rò pé iṣẹ́ ìjọba ni mò ń bá yín ṣe ni?"

Dídé

Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni mo dé ìlú náà, ilẹ̀ sì ti ṣú. Ẹ má rò pé mò ń purọ́. Ní oṣù kọkànlá, oòrùn ibẹ̀ kì í ju kó yọjú lọ, bí ẹni tó wá bá aládùúgbò gba iyọ̀. Yìnyín bo ilẹ̀, ó bo igi, ó bo kẹ̀kẹ́ tí wọ́n so mọ́ ara irin. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ pọ̀ débi pé mo ń gbọ́ bí bàtà mi ṣe ń tẹ yìnyín.

Ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé àjèjì ni mí. Ènìyàn márùn-ún ló wà níbẹ̀, olúkúlùkù fi àyè ńlá sílẹ̀ láàárín òun àti ẹnì kejì. Mo kí wọn. Ẹnì kan wo bàtà rẹ̀, ẹnì kan wo ojú ọ̀nà. Ní ilé, kí n tó ti ẹnu ọ̀nà wa dé Ọjà'ba, mo ti kí ọgbọ̀n ènìyàn, wọ́n sì ti bi mí léèrè ara Bàbá, iṣẹ́, àti ìgbà tí mo fẹ́ lọ́kọ. Mo rò pé ìgbéraga ló ń da àwọn ará Fínláǹdì láàmú. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àpọ́nlé ni. Lójú tiwọn, ẹni tí kò bá da ẹlòmíràn láàmú ló mọ ìwà hù.

Oúnjẹ wọn ńkọ́? Búrẹ́dì kan wà níbẹ̀ tó dúdú, tó le, tó kan díẹ̀. Ọjọ́ kìíní tí mo jẹ ẹ́, eyín mi bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ń fi wàrà se ọbẹ̀ ẹja, wọn kì í sì í fi ata kan án. Ọbẹ̀ náà funfun, ó ń rùn bí ewéko tútù, mo sì sunkún ata sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ọdún tó parí ṣá, mo ti ń sá lọ rà á fúnra mi ní ọjọ́ tí òtútù bá mú.

Irú gbígbẹ tí mo gbé lọ ló kọ́kọ́ dá èmi àti ẹnikẹ́ni pọ̀. Mo se ọbẹ̀, ó ta sánsán. Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn, mo rí ìwé pélébé kan nílẹ̀. Bàbá àgbàlagbà tó ń gbé yàrá kejì ló kọ ọ́. Eino ni orúkọ rẹ̀. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú àpọ́nlé pé òun tọrọ àforíjì, òun kò fẹ́ yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ṣé nǹkan kan ti kú sínú ilé mi ni? Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo bu ọbẹ̀ náà sínú abọ́, mo gbé e lọ bá a. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó ti ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kejì mo bá abọ́ náà lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ti fọ̀ ọ́. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá ó jẹ ẹ́.

Kaisa

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, obìnrin tí yóò ti tó ọgọ́ta ọdún, ní kí n máa pe òun ní Kaisa. Kaisa lásán! Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Fún oṣù mẹ́ta ni mi ò fi orúkọ kankan pè é. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, màá lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì rẹ̀ títí yóò fi gbójú sókè.

Kì í fi epo sí ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo fún un ní orí kìíní ìwé ìwádìí mi, ó kà á tán, ó ní, "Kò dára." Lẹ́yìn náà ló bu kọfí fún mi. Ní ilé wa, àgbàlagbà á kọ́kọ́ ní o gbìyànjú, á ní Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́, kí ó tó wá rọra sọ ibi tó bàjẹ́. Mo lọ sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún wá ní orí kejì dára, mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, mo sì sùn bí ọmọ ọwọ́.

Yàrá kan wà ní ibi iṣẹ́ wa tí ìgbì kankan kò lè wọ̀. Irin ni wọ́n fi ká a, wọ́n sì fi fóòmù onígun ṣóńṣó bo ògiri àti àjà rẹ̀ nínú. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀, fóònù á kú, ohùn ẹni pàápàá á rí bákan létí. Ibẹ̀ ni Kaisa ti kọ́ mi ní òfin iṣẹ́ wa. Ó ní ohun tí ẹ̀rọ bá wọ̀n la ó kọ, bí kò tilẹ̀ bá ohun tí a ń retí mu. Ó ní bí nọ́ńbà kan bá ṣàjèjì, a kì í lé e jáde, a máa ń bi í léèrè ibi tó ti wá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Mo rò pé mo ti gbọ́ ọ.

Òjò

Nígbà tí òjò ọdún kìíní bẹ̀rẹ̀ nílé, àwọn nọ́ńbà tí Délé ń fi ránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ ní gbogbo yàrá. Mo ṣe ìṣirò, mo tún un ṣe. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé amọ̀ ń mu omi òjò, ìgbì rédíò kì í sì í fẹ́ràn omi. Ó ń kú sínú ògiri tútù kó tó dé inú yàrá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ògiri á gbẹ, ọ̀rọ̀ á tún já gaara díẹ̀. Òun ni ohun àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi wá rí láyé yìí. Mo pe ilé, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá, tí wọ́n máa ń jáde sí fàráńdà kí wọ́n lè gbọ́ mi.

Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní, "Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀bi àwọn oní-nẹ́tíwọ́ọ̀kì?"

"Kì í ṣe ẹ̀bi wọn nìkan, sà. Ògiri ló mu omi."

Bàbá gbé ọ̀rọ̀ yìí ká gbogbo àdúgbò. Wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sọ ọ́ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Délé ní ó ti di àwàdà ní Bẹyẹrúnká: bí wọ́n bá pe ènìyàn tí kò gbé fóònù, á ní, "Ẹ má bínú, ògiri ló mu omi." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbéraga. Iṣẹ́ mi ti wọlé dé ojúde wa.

Ní òjò ọdún kejì, Bàbá kò jáde sí fàráńdà mọ́. Délé ní ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n, wọ́n dùbúlẹ̀.

"Gbé fóònù lọ bá wọn nínú yàrá."

"Kò wọ ibẹ̀, Àǹtí mi. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ògiri ti mu omi."

Èmi ni mo ní ìmọ̀ náà. Kí ni mo fẹ́ bá a jà sí? Ìyá Òjé máa ń gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á ní Bàbá kí mi, Bàbá ní kí n má fi ìwé mi ṣeré, Bàbá ní kí n máa wọ aṣọ tó nípọn. Bí Bàbá ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an ni. Mo ń dáhùn, mo ń fi ìkíni ránṣẹ́, ọkàn mi sì balẹ̀.

Nǹkan kan ń yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìṣirò lásán ni mo pè é. Láàárín oṣù keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ jù, tí nọ́ńbà yàrá méje yòókù wà nílẹ̀ pátápátá, ti yàrá Bàbá ṣàdédé lọ sókè. Ó dára ju ti gbogbo ilé lọ. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Mo bi Délé bóyá ó ń dúró sí ẹnu ọ̀nà dípò àárín yàrá.

"Àárín yàrá náà ni," ló wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, Sátidé mọ́kàndínlógún. Ẹnu àwọn ará ilé mi ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú yàrá Bàbá. Nọ́ńbà ní ó wà, ó sì pọ̀. Mo gba ẹnu àwọn ará ilé mi gbọ́. Mo pa ìlà mọ́kàndínlógún náà rẹ́ kúrò nínú iṣẹ́ mi, mo kọ ọ́ sí abẹ́ ìwé pé àṣìṣe ẹni tó wọ̀n ọ́n ni.

Ìlà mọ́kàndínlógún

Kaisa pè mí ní ọjọ́ kan nínú oṣù kejìlá. Ó ti tẹ ìwé mi sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú yàrá yìí?"

"Àbúrò mi."

"Ta ló wọ̀n ọ́n?"

"Àbúrò mi."

Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ẹnì kan náà? Ó fi ẹnu sọ ohun kan fún ọ, ó fi nọ́ńbà sọ òmíràn. Èwo ló máa ń ṣòro jù láti fi purọ́?"

Mo fa ìwé náà sún mọ́ ara mi.

"Yàtọ̀ sí ìyẹn," ó ní, "òjò ti tán ní ìlú yín báyìí. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ pé ògiri ń gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣé wọ́n ṣì ń sọ pé kò wọlé síbẹ̀?"

"Wọ́n ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀."

Ó fi ìka tẹ ìlà àkọ́kọ́. "Wọ́n ti wó ògiri yàrá yìí ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kì í ṣe ihò kékeré. Kí ló lè mú kí ènìyàn wó ògiri amọ̀ láàárín òjò?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ Ìbàdàn wo ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ògiri amọ̀ nígbà òjò. Bí ó bá jò, ẹ ó gbé agbada sábẹ́ rẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi dé. Ohun kan ṣoṣo ni kì í dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ilé wa, inú yàrá wọn la ń sin àwọn àgbà sí, ọ̀nà àárín ilé sì há jù fún pósí láti yí wọlé. Láti ìta ni wọ́n ti máa ń wó ògiri kí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ lè ráyè, kí pósí sì gba ibẹ̀ wọlé. Mo wà ní kékeré nígbà tí wọ́n ṣe é fún bàbá bàbá mi. Eruku rẹ̀ kún imú mi.

Mo pe Délé níbẹ̀, níwájú Kaisa. Mo ní, "Délé, ta ló wó ògiri yàrá Bàbá?"

Mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Nígbà tó yá, Ìyá Òjé gba fóònù.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé o jókòó?"

"Ìyá, ta ló wó ògiri?"

"Ọmọ mi, jókòó ná. Bàbá rẹ ti lọ sinmi. Ó ti tó oṣù márùn-ún. Wọn kì í túfọ̀ fún ẹni tó dá wà lẹ́yìn odi. Tí a bá sọ ọ́ fún ọ, ta ni ì bá dì ọ́ mú níbẹ̀ yẹn? Ta ni ì bá bu omi fún ọ?"

Kaisa ti dìde, ó ti ti ilẹ̀kùn. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́. Ó bi mí pé, "Ṣé kí n jókòó tì ọ́, àbí kí n jáde?" Mo ní kó jókòó. Ó jókòó títí gbogbo ènìyàn fi kúrò ní ilé iṣẹ́.

Òkúta àwọn tí a sin síbòmíràn

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í dá wà. Wọ́n á kún ilé, wọ́n á jókòó sórí ẹní, wọ́n á fipá fún un lóúnjẹ, òmíràn nínú wọn á tiẹ̀ máa bínú sí i pé kí ló ń sunkún sí. Níbẹ̀, èmi àti ògiri ni. Mo sunkún ní ọjọ́ kìíní, mo ronú pé mo ń dí aládùúgbò lọ́wọ́, mo bá fi ìrọ̀rí bo ẹnu mi. Ìbànújẹ́ tí ènìyàn ń sé mọ́nú, ó ń jẹni ju èyí tí a ké lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, Eino kan ilẹ̀kùn. Ní ọdún méjì, kò kan án rí. Ó ti gbọ́ ẹkún mi láti ẹ̀yìn ògiri. Ó bi mí pé ta ló kú. Mo ní bàbá mi. Ó bi mí pé níbo ni wọ́n sin wọ́n sí. Mo ní Ìbàdàn, nínú ilé wa. Ó ronú díẹ̀, ó ní kí n wọ kóòtù mi.

A rìn lọ sí ibi ìsìnkú wọn ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ sì ti ṣú kanlẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ rí. Lórí ibojì kọ̀ọ̀kan ni fìtílà kékeré wà nínú yìnyín, gbogbo ilẹ̀ náà ń tàn. Ní ìkángun kan, òkúta ńlá kan wà tí kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀. Eino ní àwọn tí wọ́n sin ènìyàn wọn sí ibòmíràn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tan iná fún wọn. Ìyàwó òun, ìlú mìíràn ni àwọn ẹbí rẹ̀ gbé e lọ sin. Ó yọ fìtílà méjì nínú àpò rẹ̀, ó fún mi ní ọ̀kan.

Mo pe Bàbá níbẹ̀ ní orúkọ àti oríkì, ní ohùn òkè, bí a ṣe ń ṣe é nílé. Àwọn ènìyàn wà nítòsí, ẹnikẹ́ni kò wò mí. Ọjọ́ náà ni mo dúpẹ́ pé wọn kì í woni.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò wá sílé lójú ẹsẹ̀. Ìbínú ló jẹ́ kí n dúró. Mo ní bí ẹ bá lè gbé bàbá mi sin láìsí mi, ẹ kò nílò mi. Títí iṣẹ́ mi fi parí, n kò pe ẹnikẹ́ni ní ilé. Délé kò sì dá Sátidé kankan dúró. Nọ́ńbà ń wọlé, kò sí ìkíni kankan lórí rẹ̀. Mo dá ìlà mọ́kàndínlógún padà sínú ìwé, mo pa ọ̀rọ̀ àṣìṣe rẹ́, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n ṣí ògiri ìta yàrá kẹta, yàrá Bàbá, nítorí ìsìnkú. Nígbà tí àwọn tó wá bi mí ní ìbéèrè ìkẹyìn kà á dé ibẹ̀, ẹnì kan nínú wọn rọra tẹ orí ba. Mo gba oyè náà. N kò mọ ẹni tí mo fẹ́ pè.

Wíwálé

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dé, ẹ rí bí Ìyá Òjé ṣe kúnlẹ̀ fún mi ní ojúde. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dìde, ojú tì mí. Kì í ṣe pé inú mi ti yọ́. Àgbàlagbà tó tọ́ mi dàgbà kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ fún mi, ìyẹn náà ni.

Délé mú mi wọ yàrá Bàbá. Wọn kò fi amọ̀ dí ògiri tí wọ́n wó padà. Búlọ́ọ̀kù oníhò tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni wọ́n tò síbẹ̀. Wọ́n ti kó bẹ́ẹ̀dì onírin jáde, wọ́n lẹ táìlì funfun sórí ibojì. Mo yọ fóònù mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún un dé etí. A jókòó sílẹ̀, èmi àti àbúrò mi.

Mo ní, "Délé, o lè ti fi nọ́ńbà yẹn purọ́. Kí ló dé tí o kò ṣe é?"

"Ẹ ní mi ò gbọdọ̀ bù mọ́ ọn, mi ò gbọdọ̀ bù kúrò. Ìyá ti fi mí búra pé mi ò gbọdọ̀ fi ẹnu sọ ọ́ fún yín. Wọn ò dárúkọ nọ́ńbà." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Gbogbo Sátidé ni mò ń rò pé ẹ máa rí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi, ṣùgbọ́n kò tíì tán. Mo bi í bóyá Bàbá béèrè mi.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi béèrè yín, Àǹtí mi. Wọ́n ní ká pè yín. Ìyá ní ohùn wọn ti lọ, pé tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ò ní dúró kàwé mọ́, ẹ máa sá wálé. Bàbá ní ká gbé àwọn lọ sí fàráńdà. Ìyá ní òjò ń rọ̀."

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní ògiri ti mu omi."

N kò lè wò ó lójú.

"Wọ́n gbà á gbọ́. Wọn ò tiẹ̀ bínú. Wọ́n ní, 'Òótọ́ ni, Àbẹ̀kẹ́ ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi.' Láti ọjọ́ yẹn, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á na ọwọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri. Wọ́n á ní, 'Délé, ó jọ pé ó ti ń gbẹ o. Ẹ pè é wò.' Ọjọ́ tí wọ́n kú gan-an, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀."

"Kí lo dá wọn lóhùn?"

"Mo ní, 'Kò tíì gbẹ, sà.'"

Mo di àbúrò mi mú, a sì jọ sunkún lórí táìlì náà. N kò lè bá a jà. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìdáhùn yẹn.